Alámù Ọkọ̀ ń Ké: Ta Ni Yóò Dáhùn?

Ẹ̀yin ẹbí ìjọ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn baálé ilé máa ń gbé yẹ̀wò nígbà tí Mísà bá parí, tí oníkálùkù ń wá mọ́tò tàbí alùpùpù rẹ̀ lábẹ́ igi: ṣé ó yẹ kí ènìyàn náwó sórí alámù, ohun tí ń ké bí wọ́n bá fọwọ́ kan ọkọ̀, kí olè má baà gbé e lọ? Ìbéèrè gidi ni. Ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́, alùpùpù kan lè jẹ́ gbogbo ọrọ̀ ìdílé kan. Òun ni bàbá ń gùn lọ sí oko, òun ni ìyá fi ń kó ẹrù lọ sí ọjà, òun náà ni ọmọkùnrin ilé fi ń ṣe zémíjàn kí àwọn àbúrò rẹ̀ lè lọ sí ilé ìwé. Bí wọ́n bá jí i lóru ọjọ́ kan, ebi lè wọ ilé náà kí oṣù tó parí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí alámù jẹ́. Àpótí kékeré kan ni, tí a so mọ́ bátìrì ọkọ̀. Ó ní ohun tí ń mọ̀ bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ó sì ní èyí tí ń mọ̀ bí ara ọkọ̀ bá mì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti fura, fèrè yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké, iná ọkọ̀ yóò sì máa ṣẹ́jú. Iṣẹ́ èyí tí kò wọ́n púpọ̀ tán síbẹ̀. Kò di táyà mú, kò sì mọ olè yàtọ̀ sí ewúrẹ́. Olè tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò gé okùn bátìrì, ariwo yóò sì dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yìí kì í ṣe àwàdà. Ewúrẹ́ fi ara nu mọ́tò, alámù ké. Àrá sán, ó ké. Kámíọ̀n tó kó símẹ́ńtì kọjá lójú títì, ó ké. Àwọn ọmọdé gbá bọ́ọ̀lù lù ú, ó tún ké. Nígbà tí ó bá ti ṣe báyìí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ará àdúgbò kì í gbọ́ ọ mọ́, bí ẹni tí ń gbé lẹ́bàá ọlọ́ kì í ti í gbọ́ ariwo ọlọ́. Ẹ̀yin náà ti rí i ní ọjọ́ Ìsinmi: àlùfáà gbé Ara Krístì sókè, gbogbo ìjọ dákẹ́ rọ́rọ́, alùpùpù kan sì figbe ta ní àgbàlá. Ta ni ó dìde lọ wò ó? Kò sí. Olúkúlùkù rò pé ti ẹlòmíràn ni, olóhun gan-an sì tẹ bọ́tìnnì nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ láì wẹ̀yìn. (Ẹni tí tirẹ̀ bá ń ṣe báyìí, kí ó jẹ́ kí oníṣẹ́ iná bá a dín ìfura rẹ̀ kù. Ó ṣe é ṣe, kò sì pẹ́.)

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ń ṣe ìṣirò fún àwọn ilé iṣẹ́ asiráǹsì wo ọ̀ràn yìí ní ọdún 1997, wọn kò sì rí i pé alámù mú kí òfò olè dín kù lápapọ̀.

Ohun tí ó dín in kù ní Yúróòpù kì í pariwo rárá. Láti ọdún 1998, òfin ibẹ̀ sọ ọ́ di dandan pé kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní ohun tí àwọn Faransé ń pè ní antidémarrage. Ẹ̀rọ bíńtín kan wà nínú orí kọ́kọ́rọ́. Bí ọkọ̀ kò bá dá a mọ̀, ẹ̀rọ ọkọ̀ kò ní ṣiṣẹ́, àfi bí olè bá gbé ọkọ̀ náà rù. Amẹ́ríkà kò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé láàárín ọdún 2021 sí 2023, àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ ń jí ọkọ̀ Kia àti Hyundai tí kò ní i lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí pé ẹnìkan ti fi ọ̀nà rẹ̀ han aráyé nínú fídíò. Èyí kàn wá, nítorí àti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ àlòkù ti ń wá gúnlẹ̀ ní èbúté Kútọnù. Kí ẹ tó san owó, ẹ bi mẹkaníìkì yín bóyá kọ́kọ́rọ́ náà ní i. Àwọn ọkọ̀ olówó ńlá tí kì í lo kọ́kọ́rọ́ mọ́ ní àléébù tiwọn, ṣùgbọ́n mi ò rò pé wọ́n pọ̀ ní àgbàlá ìjọ wa.

Ní ti alùpùpù, ẹ̀wọ̀n tó nípọn àti àgádágodo tó dára ni mo fara mọ́, kí a fi ẹ̀wọ̀n náà kọjá nínú táyà, kí a sì dè é mọ́ ohun tí kò ṣeé gbé, bí igi tàbí irin tí a rì mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí, oníṣẹ́ iná lè fi coupe-circuit pamọ́ síbi tí ìwọ nìkan mọ̀, tí iná kò fi ní dé ẹ̀rọ. Bí owó bá kù, ẹ ra alámù. Ó wúlò níbi tí ènìyàn ń sùn nítòsí, tí wọ́n sì mọ ohùn rẹ̀. Láàárín ọjà, owó ẹ ló sọnù.

Olè kì í jí alùpùpù kí ó lè máa wò ó. Ẹnìkan ni yóò rà á, odindi tàbí ní ẹ̀yà ẹ̀yà. Àwọn àgbà wa ti sọ pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ mọ́ wa fún ọjọ́ díẹ̀ nítorí ọkọ̀ tí olè ń jí lọ́dọ̀ wọn tí wọ́n sì ń kó wá síhà ọ̀dọ̀ wa. Àwọn oníṣòwò Àjàṣẹ́ tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀ náà jìyà rẹ̀. Alùpùpù tí kò ní carte grise, tí wọ́n ń tà ní ìlàjì owó, ó ní ẹni tí ń sunkún nítorí rẹ̀ níbìkan. Òfin keje kan ẹni tó rà á, òfin ìjọba náà sì ń fìyà jẹ ẹ́.

Ọ̀ràn kan ṣẹ́kù tó wúwo ju owó lọ. Mo ti sọ pé alámù ń ké, tí a kì í sì í dáhùn. Nígbà mìíràn, a máa ń dáhùn. Ẹnìkan á pariwo «Olè!», ògìdìgbó á pé, ẹnìkan á mú táyà wá, ẹlòmíràn á bu ẹ̀tírò. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà rántí ọdún 1999 ní ìhà Mono àti Couffo, bí wọ́n ṣe dáná sun ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n pè ní olè, láìsí adájọ́. Orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọdún 2012 láti fòpin sí ìdájọ́ ikú. Bí adájọ́ kò bá lè pa olè, ta ni ó fún ẹni tó mú ìṣáná lọ́wọ́ ní àṣẹ? Ẹ sì wo iye alùpùpù tó jọra ní àgbàlá ìjọ: àwọ̀ kan náà, irú kan náà. Ẹni tó ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ lè jẹ́ ẹni tó ṣì í mú. Ọmọ tó fẹ̀yìn ti mọ́tò yín lè jẹ́ ọmọ katikísìmù mi.

Nítorí náà, ẹni tó bá ra alámù, kí ó mọ̀ pé òun ni ó pe àwọn ènìyàn jọ. Òun ni kí ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, kí ó dúró láàárín ẹni tí wọ́n mú àti àwọn tí inú ń bí, kí ó rán ẹnìkan lọ pe ọlọ́pàá. Kí ó sì tètè tẹ bọ́tìnnì kí alámù dákẹ́, nítorí níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń ké, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ohun tí ẹni tí wọ́n dì mú ń sọ.