Ṣé O Mọ̀? Àpò Awọ Amẹ́ríkà, Láti Ẹ̀yìn Ẹṣin Dé Pápákọ̀ Òfurufú

Ṣé o mọ̀ pé orí àpò lẹ́tà gan-an ni àwọn ẹlẹ́ṣin Pony Express máa ń jókòó lé? Oṣù kẹrin ọdún 1860 ni iṣẹ́ gbígbé lẹ́tà náà bẹ̀rẹ̀, láti St. Joseph ní Missouri dé Sacramento ní California, ìrìn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 máìlì, tí wọ́n ń fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sá. Awọ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan ni àpò náà, wọ́n ń pè é ní mochila. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí gàárì, àpò kékeré mẹ́rin sì wà lára rẹ̀. Wọn kì í fi okùn dè é. Bí ẹlẹ́ṣin bá dé ibùdó, á fà á yọ, á jù ú sórí ẹṣin mìíràn, á gun orí rẹ̀, ó di eré. Ìjókòó rẹ̀ ni ìdè àpò náà. Nígbà tí wáyà tẹligíráàmù dé ní oṣù kẹwàá 1861, iṣẹ́ parí.

Ṣé o mọ ẹni tó kọ́ Amẹ́ríkà ní irú gàárì bẹ́ẹ̀? Àwọn darandaran Mẹ́síkò ni. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni òdòdó tí wọ́n ń fín sára bẹ́líìtì àti báàgì awọ ti wá. Wajawaja ara jákẹ́ẹ̀tì awọ ńkọ́? Ti àwọn ọmọ onílẹ̀ tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé ni.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n máa ń gbé awọ màlúù láti Gúúsù Amẹ́ríkà lọ sórí òkè Catskill ní New York? Èèpo igi hemlock tí wọ́n fi ń ṣe awọ kó má bàa jẹrà pọ̀ níbẹ̀, ìnáwó gbígbé èèpo sì pọ̀ ju ti awọ lọ, ni wọ́n bá ń gbé awọ lọ bá igi. Zadock Pratt kọ́ ilé iṣẹ́ awọ tirẹ̀ síbẹ̀ ní 1824. Wọ́n bó àwọn igi náà títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ń yin awọ àtijọ́ máa rántí igbó yẹn.

Ṣé o mọ̀ pé bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní “awọ ẹlẹ́dẹ̀” ní Amẹ́ríkà, awọ màlúù ni? Ilé iṣẹ́ awọ Horween ní Chicago, tó ti wà láti 1905, ló ń ṣe awọ bọ́ọ̀lù NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Wọ́n tún ń ṣe cordovan, awọ ìdí ẹṣin, tó ń gbà tó oṣù mẹ́fà, ó kéré tán.

Ṣé o mọ̀ pé ìbọ̀wọ́ bésíbọ́ọ̀lù ló bí báàgì Coach? Oníṣẹ́ ọwọ́ mẹ́fà ló bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ náà ní Manhattan ní 1941. Miles Cahn, tó ń darí ilé iṣẹ́ náà nígbà tó yá, ṣàkíyèsí pé bí wọ́n ṣe ń lo ìbọ̀wọ́ yẹn tó ni awọ rẹ̀ ń rọ̀ tó, tó sì ń dán. Ó ní irú rẹ̀ ni òun fẹ́. Lillian ìyàwó rẹ̀ ló ní kí wọ́n máa ṣe báàgì obìnrin. Nígbà tó wà lọ́mọdé ní Wilkes-Barre, Pennsylvania, inú báàgì oníwèé ló ń kó núdùùlù táwọn òbí rẹ̀ ń ṣe sí, tó ń gbé e fún àwọn oníbàárà. Báàgì oníwèé yẹn ló padà di báàgì awọ. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú àṣà yìí nìyẹn: iṣẹ́ ló ń ṣíwájú, ẹwà á tẹ̀ lé e.

Bonnie Cashin, ọmọ California tó ti ṣe aṣọ fún sinimá ní 20th Century Fox, dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1962. Ó mú àwọ̀ títàn wọlé. Ó gbé pọ́ọ̀sì owó ẹyọ wá síta ara báàgì, kí obìnrin má bàa máa tú gbogbo ẹrù nítorí owó ọkọ̀. Idẹ tí wọ́n ń yí láti fi ti báàgì, ara mọ́tò rẹ̀ tó ṣeé ká òrùlé ló ti rí i. Ìrìn àjò kò sú u, poncho àti kimono sì hàn nínú aṣọ tó ń ṣe. Ní 1985, tọkọtaya Cahn ta ilé iṣẹ́ wọn, wọ́n gbájú mọ́ sísin ewúrẹ́ àti ṣíṣe wàràkàṣì.

Ṣé o mọ̀ pé gbígbé yìnyín ni báàgì kańfáàsì ti ilé iṣẹ́ L.L.Bean ṣe ní 1944 wà fún?

Ṣé o mọ̀ pé báàgì onítáyà kò tíì pẹ́? Ní 1970, Bernard Sadow ń bọ̀ láti Aruba pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, ó rí òṣìṣẹ́ kan ní pápákọ̀ tó ń ti ẹ̀rọ wúwo lórí pákó onítáyà. Ó fi táyà mẹ́rin sábẹ́ àpótí, ó so okùn mọ́ ọn. Àwọn ilé ìtajà kọ̀ ọ́, wọ́n ní ọkùnrin kò ní gbà láti máa fa ẹrù, títí Macy's fi gbà á. Ní 1987, Robert Plath, awakọ̀ òfurufú Northwest Airlines, gbé àpótí náà dúró lórí táyà méjì, ó fún un ní ọwọ́ gígùn. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe é fún. Nígbà tí àwọn èrò rí i lọ́wọ́ wọn ní pápákọ̀, àwọn náà ní àwọn fẹ́ rà á.