Ṣé sísè ń pa agbára àgbo abíwẹ́rẹ́?

Ẹ̀yin aboyún àti ẹ̀yin ẹbí wọn, ọ̀rọ̀ àgbo tí wọ́n ń mu kí ọmọ lè tètè wáyé ni a fẹ́ sọ lónìí. Àwa Yorùbá ń pè é ní abíwẹ́rẹ́. Bí ẹ bá ń gbé ní Sabonjida, ní ìlú Tamale ní àríwá Ghana, ẹ ó ti gbọ́ nípa kaligutim, èyí tí àwọn Dagomba ń lò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé, "Ewé lásán ni, a sì ti sè é jinná." Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀.

Láàárín ọdún 1960 sí 1969, Lorents Gran, dókítà ará Norway tó ń bá Red Cross ṣiṣẹ́ ní Congo, rí i pé àwọn obìnrin ibẹ̀ ń se ewé kan tí wọ́n ń pè ní kalata-kalata, wọ́n sì ń mu omi rẹ̀ kí ìrọbí lè yá. Purotéènì kékeré kan wà nínú ewé yìí, kalata B1 ni orúkọ rẹ̀.

Kí ló dé tí iná kò fi pa á?

Bí okùn ni purotéènì ṣe rí. Ooru iná sábà máa ń tú u, bí ẹyin ṣe ń yí padà nínú ìkòkò. Kalata B1 yàtọ̀. Ẹ fi wé ìlẹ̀kẹ̀ 29 tí a so orí rẹ̀ mọ́ ìdí bí òrùka, tí a tún so ní ọ̀nà mẹ́ta láàárín. Ìdí nìyí tí kì í fi í tú nínú omi gbígbóná.

Kí ló ń ṣe?

Ọ̀rá pọ̀ nínú awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì. Kalata B1 máa ń lẹ̀ mọ́ oríṣi ọ̀rá kan níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn á kóra jọ, wọn á sì dá awọ náà lu. Ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì á jò jáde. Bí ewé náà ṣe ń gbèjà ara rẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò nìyẹn. Àmọ́ ní yàrá àyẹ̀wò, ó ń bẹ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ènìyàn pẹ̀lú.

Ní 2013, àwọn olùwádìí fi hàn pé ìbátan rẹ̀, kalata B7, lè ṣiṣẹ́ bíi oxytocin, èròjà ara tó ń mú kí ilé ọmọ súnkì.

N kò sọ pé kalata ló wà nínú abíwẹ́rẹ́ tàbí kaligutim o. Ewé tí oníkálukú ń sè yàtọ̀ síra. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ewé lè lágbára gan-an, iná kì í sì í fìgbà gbogbo pa agbára náà.

Ewu tó wà níbẹ̀

Ní ilé ìwòsàn, a máa ń jẹ́ kí oxytocin kán wọ ara díẹ̀díẹ̀. Bí ìrora bá le jù, a ó dá a dúró. Àgbo tó ti wọ ikùn kò ṣeé dá dúró. Bí agbẹ̀bí kò bá mọ̀, tó tún fi oxytocin lé e, ọmọ lè má rí atẹ́gùn tó, ilé ọmọ sì lè ya.

Nítorí náà:

- Ẹ má ṣe mu àgbo láti mú ìrọbí yá.
- Bí aboyún bá ti mu ún, ẹ tètè sọ fún agbẹ̀bí: irú èyí tó mu, ìwọ̀n rẹ̀ àti àkókò tó mu ún.
- Bí ó bá jẹ́ pé ìyá àgbà ló sè é, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣàlàyé. Ẹ má ṣe bú wọn, torí ẹ̀rù ìbúni ló ń mú kí àwọn ènìyàn fi í pamọ́.
- Bí ìrora kò bá dáwọ́ dúró rárá, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, tàbí tí ọmọ kò mira mọ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Àsọkalẹ̀ ànfààní o.