Ìjàǹbá ọrùn: Ìdí tí kò fi yẹ kí a sáré gbé ẹni tó ṣubú

Ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Àpáta, n'Ìbàdàn, láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ yóò rí ohun tó ń wu ọrùn ọmọ èèyàn léwu. Ọlọ́kadà a gbé èrò méjì sẹ́yìn, akoto rẹ̀ a sì wà lọ́wọ́ alùpùpù dípò orí. Àwọn awakọ̀ a máa tẹ̀lé ara wọn tímọ́tímọ́ lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta náà. Bí ti iwájú bá tẹ bíréèkì lójijì, tẹ̀yìn a rọ́ lù ú. Àwọn tó ń kó irè oko bọ̀ láti Omi-Àdìó ńkọ́? Ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn.

Orí àgbàlagbà tó nǹkan bíi kílò 5. Eegun kéékèèké 7 péré ló gbé e dúró lọ́rùn. (Eegun 7 náà ló wà lọ́rùn àgùfọn, bó ti gùn tó nì.) Agbárí bo ọpọlọ, egungun ìhà yí àyà ká, ṣùgbọ́n ẹran àti iṣan nìkan ló yí ọrùn ká. Èyí ló jẹ́ kó lè yí sọ́tùn-ún yí sósì, òun náà ló sì sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́.

Inú eegun wọ̀nyí ni okùn kan gbà kọjá, tí kò nípọn ju ọmọńdinrín lọ. Òun ni ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ẹran tí a fi ń mí. Bó bá fara pa, èèyàn lè rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Bó bá jẹ́ lókè ọrùn, èémí lè dúró. Christopher Reeve, òṣèré ará Amẹ́ríkà tó ṣe Superman nínú fíìmù, já láti orí ẹṣin lóṣù Karùn-ún ọdún 1995. Eegun méjì tó wà lókè pátápátá lọ́rùn rẹ̀ ló ṣẹ́. Ẹ̀rọ ló fi ń mí lọ́pọ̀ ìgbà títí tó fi kú lọ́dún 2004.

Nílẹ̀ wa, kò dìgbà tí èèyàn bá gun ẹṣin. Mọ́tò àti ọ̀kadà ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Lẹ́yìn wọn ni ìṣubú: akọpẹ tí igbà já mọ́ lọ́wọ́, ẹni tó já láti orí òrùlé, ọ̀dọ́ tó forí sọ odò tí kò jìn. Alábàárù tó bá yọ̀ ṣubú, àpò orí rẹ̀ lè tẹ ọrùn rẹ̀ wọlé.

Nígbà tí ìjọba fi dandan lé akoto lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, àwọn ọlọ́kadà kan lórílẹ̀-èdè yìí fi igbá bo orí kí wọ́n má baà mú wọn. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Igbá kò lè gba orí sílẹ̀, áńbọ̀sì ọrùn.

Èyí tó dunni jù ni ti àwọn tó ń ṣèrànwọ́. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, èrò a pé lé ẹni náà lórí. Ọ̀kan a fà á lápá, òmíràn a gbé e jókòó, wọn a fún un lómi, wọn a sì gbé e sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà. Eegun tó kàn sán tẹ́lẹ̀ lè yẹ̀ níbẹ̀ kó sì tẹ okùn inú rẹ̀. Àánú ni wọ́n ṣe, àmọ́ wọ́n lè fi sọ ẹni tí ì bá rìn di arọ.

Bí iná tàbí mọ́tò mìíràn kò bá fẹ́ kàn án, ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà. Kí ẹnì kan fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú kó má mì, kí ẹlòmíràn pe 122, nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Bó bá di dandan kí ẹ gbé e, kí èèyàn bíi mẹ́rin yí i lápapọ̀ bí ìtì igi sórí pákó gbọọrọ.

Àwọn tó ń to eegun mọṣẹ́ wọn ní ti apá àti itan, ṣùgbọ́n ọrùn kì í ṣe ohun tí à ń fà tàbí tí à ń wọ́ láìtíì ya àwòrán rẹ̀. Ìbàdàn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ iṣẹ́ yìí: ọdún 1962 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Òdẹkù, ọmọ Awẹ́, dé sí UCH, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹni tó ṣubú tó sì dìde rìn pàápàá, bí ọrùn bá ń ro ó, tí ọwọ́ ń ṣe é jìnnìjìnnì tàbí tí kò lè tọ̀, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.