Pákó Ilẹ̀ Tuntun Tó Ká Bí Àwo: Omi Ló Wà Nídìí Ẹ̀

Ẹ wo bó ṣe sábà máa ń rí. Ẹnì kan kọ́lé, ó ní òun ò fẹ́ táìlì, pákó lòun máa tẹ́ sí pálọ̀. Ó ná owó gidi. Lọ́jọ́ tí káfíńtà parí iṣẹ́, ilẹ̀ ń dán, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, téèyàn bá fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí ẹ̀, ńṣe ló ń ṣe gbágungbàgun. Etí pákó kọ̀ọ̀kan ti gbé sókè, àárín ẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ń pe wàhálà yìí ní cupping, torí pé ojú pákó ti jin wọnú bí àwo.

Ìjà ló máa ń tẹ̀lé e. Onílé á ní káfíńtà ò mọṣẹ́. Káfíńtà á ní pákó tí wọ́n rà ni kò dáa. Ẹni tó ta pákó á ní ilé ni kò gbẹ. Ẹ jẹ́ ká wo sáyẹ́ǹsì tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, torí òun ló lè parí ẹjọ́ náà, òun náà ló sì lè gba owó yín sílẹ̀.

Igi tó ti kú ṣì ń mu omi

Ṣé ẹ mọ ilẹ̀kùn tó máa ń há nígbà òjò, tí ọyẹ́ bá dé, á tún máa ṣí wẹ́rẹ́? Ohun kan náà ni. Inú igi kún fún ihò tín-ín-rín tí ojú lásán ò lè rí, wọ́n tò jọ bí ìdì sítíróò. Omi tó wà nínú igi sì pé oríṣi méjì: èyí tó wà nínú ihò fúnra ẹ̀, àti èyí tó wọnú ara ògiri ihò náà.

Tí wọ́n bá gé igi, omi inú ihò ló ń kọ́kọ́ lọ. Igi á fúyẹ́, àmọ́ kò ní sún kì. Ó dìgbà tí omi tó kù bá wálẹ̀ dé nǹkan bíi 28% sí 30% ìwọ̀n igi gbígbẹ kí omi ara ògiri tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Látibẹ̀ lọ ni igi ti ń sún kì. Tó bá sì tún padà mu omi, á wú.

Igi ò sì ní ṣíwọ́ láé. Bí afẹ́fẹ́ tó yí i ká bá ṣe rí ló ṣe ń rí. Tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá jẹ́ 30%, omi inú igi á dúró sí bíi 6%. Tó bá jẹ́ 50%, á dé bíi 9%. Tó bá jẹ́ 80%, á dé bíi 16%. Lágbègbè Èkó, afẹ́fẹ́ ìta máa ń kọjá 80% dáadáa nígbà òjò, bẹ́ẹ̀ yàrá tí AC ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ lè wà ní 50%. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Chicago náà ò yọ sílẹ̀: ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru nígbà òtútù lè mú afẹ́fẹ́ ilé gbẹ dé 30%, ìgbà ooru á tún gbé e padà sókè.

Kí ló dé tó fi ká, tí kò kàn wú lásán?

Igi kì í wú bákan náà níbi gbogbo. Ní gígùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá. Ní fífẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹ jẹ́ ká fi igi oak pupa ti Amẹ́ríkà ṣírò ẹ̀. Tí pákó ẹ̀ bá fẹ̀ ní mìlímítà 127, tí omi inú ẹ̀ wá kúrò ní 7% tó di 11%, á fi nǹkan bíi mìlímítà 1.9 fẹ̀ sí i. Ó kéré lójú, àbí? Ẹ wá tò wọ́n kún pálọ̀ tó fẹ̀ ní mítà 4. Àpapọ̀ ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 6! Ògiri ò sì ní sún fún un.

Ìyẹn tí pákó bá mu omi dọ́gba lókè nísàlẹ̀ o. Nínú cupping, ìsàlẹ̀ ló ń mu ju òkè lọ. Òkè ní fáníìṣì, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, AC ń mú un gbẹ. Ìsàlẹ̀ ò ní fáníìṣì, ó sì dojú kọ kọnkéré. Nígbà tí ìsàlẹ̀ bá fẹ̀ tí òkè ò fẹ̀, kí ni pákó fẹ́ ṣe? Etí ẹ̀ á gbé sókè ni. Ẹ fi páálí tínrín dán an wò: ẹ fi omi pa ojú kan, á ká kúrò lọ́dọ̀ ojú tó tutù.

Omi ọ̀hún, ibo ló ti wá?

Kọnkéré lẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Omi tí bíríkìlà ń pò mọ́ ọn máa ń ju èyí tí sìmẹ́ǹtì nílò láti le lọ. Ìyókù gbọ́dọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Ìṣirò àwọn oníṣẹ́ ni pé kọnkéré nílò bí oṣù kan láti gbẹ fún mìlímítà 25 kọ̀ọ̀kan tó bá nípọn. Èyí tó nípọn ní mìlímítà 100 á gbà tó oṣù mẹ́rin, ìyẹn tí òjò ò bá pa á. Ojú ẹ̀ lè funfun kó sì le kankan, kí inú ẹ̀ ṣì máa sunkún. Tẹ́ ẹ bá fi pákó bò ó, omi náà á gòkè wá bá a.

Ìkejì ni ilẹ̀ fúnra ẹ̀. Tí wọn ò bá tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ kọnkéré ìsàlẹ̀ tí àwọn bíríkìlà ń pè ní German floor, omi inú ilẹ̀ á máa gòkè lọ́dọọdún. Ìkẹta ni páìpù tó ń jò, omi AC tí kò rọ́nà lọ, tàbí fífi báàkẹ́ẹ̀tì omi fọ ilẹ̀ bíi pé táìlì ni. Omi á gba ojú ìpàdé pákó méjì wọlẹ̀, á lọ sápamọ́ sísàlẹ̀.

Ibi tí pákó ti ká máa ń tú àṣírí. Tó bá ká jákèjádò yàrá, ẹ fura sí kọnkéré tàbí afẹ́fẹ́. Tó bá jẹ́ ojú kan nítòsí balùwẹ̀ tàbí kíṣìnnì, ẹ lọ wá ibi tó ń jò.

Kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹ

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní moisture meter. Ẹ fi wọn pákó tuntun, ẹ fi wọn pákó abẹ́ ẹ̀ tó bá wà. Ìlànà tí ẹgbẹ́ NWFA ti Amẹ́ríkà là sílẹ̀ ni pé ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ò gbọ́dọ̀ ju 4% lọ. Tí pákó bá fẹ̀ tó mìlímítà 76 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má ju 2% lọ.

Ẹlòmíì á ní, "Ẹ ṣáà gbé pákó sínú ilé fún ọjọ́ mẹ́ta, á mọ ilé lára." Ọjọ́ kọ́ là ń kà o, omi là ń wọ̀n. Tí ilé fúnra ẹ̀ bá ṣì tutù, tí ògiri ṣẹ̀ṣẹ̀ gba sìmẹ́ǹtì, ńṣe ni pákó á jókòó síbẹ̀ tí á máa mu omi.

Fún kọnkéré, ẹ gé ọ̀rá tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 45 níhà gbogbo, ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ yíká, ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú. Tí omi bá sẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, tàbí tí ojú kọnkéré dúdú sí i, kò tíì yá. Tí kò bá sí nǹkan kan, ìyẹn nìkan ò tíì tó ẹ̀rí. Oníṣẹ́ gidi á lu ihò sínú kọnkéré, á wọn ọ̀rinrin inú ẹ̀.

Irú igi náà ṣe pàtàkì. Ìrókò, tí àwọn oníṣòwò igi lágbàáyé ṣì ń fi orúkọ Yorùbá pè, máa ń sún kì ní nǹkan bíi 3.8% ní ìhà tó ti ń sún kì jù, láti tútù dé gbígbẹ pátápátá. Oak pupa ń lọ sí 8.6%. Ẹ tún fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ létí ògiri, kí pákó ríbi mí sí.

Tó bá ti ká ńkọ́?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rọ wá fá a lójú ẹsẹ̀! Ibí yìí lowó ti ń ṣòfò jù. Tẹ́ ẹ bá fá etí tó gbé sókè nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì tutù, ilẹ̀ á tẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ tí ìsàlẹ̀ bá gbẹ, tó sún kì padà, etí tẹ́ ẹ ti fá tínrín á wálẹ̀, àárín á yọ gọngọ. Ẹ ti wá ní wàhálà kejì.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ti ń wá, ẹ dí i. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ dáadáa, kí ilé gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó lè gba oṣù mélòó kan. Ẹ máa wọn omi inú pákó títí tí òkè àti ìsàlẹ̀ á fi súnmọ́ra. Ọ̀pọ̀ pákó á tẹ́ padà fúnra wọn. Èyí tí kò bá tẹ́, tí ara ẹ̀ ti fún pọ̀ jù, lẹ lè wá fá tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀.

Ta ló wá jẹ̀bi nínú onílé, káfíńtà àti ẹni tó ta pákó? Ẹ bi wọ́n pé mélòó ni omi inú pákó àti inú kọnkéré lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ́ ẹ. Tí kò bá sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n, kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Torí náà, kẹ́ ẹ tó san owó iṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀.