Olú Ìdí Igi: Ohun Tó Ń Jẹ Igi Nínú Kí Ìjì Tó Dé

Ìròyìn ìjì tó ṣí òrùlé, tó sì wó igi lu ilé, kì í wọ́n ní Òkè-Ògùn ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, atẹ́gùn nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Bẹ́ẹ̀, igi máńgòrò àgbàlá kan ní Àgọ́-Àrẹ lè tutù yọ̀yọ̀ lókè kí ó sì ti jẹrà nínú, ohun tó sì lè tú àṣírí rẹ̀ ni olú líle tó máa ń yọ ní ìdí igi, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ganoderma.

Olú yìí máa ń yọ gbọọrọ jáde lára igi bí pẹpẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń pọ́n rúsúrúsú, ti àwọn ẹ̀yà kan a sì máa dán, etí rẹ̀ a máa funfun nígbà tó bá ṣì ń dàgbà, ó sì máa ń le débi pé ọwọ́ lásán kò lè ya á. Ihò wínníwínní ló wà lábẹ́ rẹ̀, nǹkan bí 4 sí 6 nínú mílímítà 1, ibẹ̀ sì ni irúgbìn rẹ̀ ti ń jáde, tó fi jẹ́ pé eruku aláwọ̀ kòkó sábà máa ń bo ẹ̀yìn olú náà àti ewéko tó wà nítòsí. Èyí tí wọ́n ń pè ní Ganoderma applanatum tún ní àmì tirẹ̀: bí èékánná bá ha abẹ́ rẹ̀ tó funfun, ojú ibẹ̀ á dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn fi àdá gé olú náà dànù, kí ó sì gbà pé igi ti bọ́. Èso lásán ni èyí tó hàn síta. Inú igi ni olú gan-an wà, ní fọ́nrán tó tínrín ju irun lọ. Nǹkan méjì pàtàkì ló ń mú igi dúró, àwọn ni cellulose, tó jẹ́ okùn inú rẹ̀, àti lignin, tó so okùn náà pọ̀. Ìwọ̀nba ẹ̀dá ló lè tú lignin, ṣùgbọ́n olú yìí ń sun omi kan jáde tó ń tú méjèèjì, tí igi á fi funfun, tí á sì rọ̀. Níwọ̀n bí omi ti ń gba apá ìta igi lọ sókè, ewé kì í tètè rọ bí àárín bá tilẹ̀ ti ṣófo. Ní 2012, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Dimitrios Floudas àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀ pé agbára láti tú lignin yìí ti wà fún nǹkan bí 290 mílíọ̀nù ọdún, wọ́n sì dábàá pé òun ló dín èédú abẹ́ ilẹ̀, tó ń ti ara igi tí kò jẹrà wá, kù. Àwọn mìíràn takò wọ́n ní 2016, àlàyé wọn nípa ojú ọjọ́ àti bí ilẹ̀ ṣe ń rì ló sì dà bí ẹni pé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù.

Ojú ọgbẹ́ ni olú yìí sábà máa ń gbà wọlé. Ó jọ pé iná ìgbẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti èèpo tí wọ́n ń bó lára igbá àti èmí fún àgúnmu ń ṣílẹ̀kùn fún un ju ọjọ́ orí igi lọ. Igi oko tó ní in kò nílò àdá ẹnikẹ́ni, nítorí ilẹ̀ ni yóò padà sọra rẹ̀ di; ṣùgbọ́n bí ti ẹ̀bá ilé bá dún gbọ̀ngbọ̀n bí wọ́n ṣe lù ú, kí onílé wá agégi kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.