Ayùn oníná méjì tó jọra bí ìbejì: Wo ohun tó yẹ kí káfíńtà Kambolé, Tchamba àti Sokodé yẹ̀ wò kó tó sanwó

Ẹni tó bá ń ṣe ilẹ̀kùn, fèrèsé, bẹ́ẹ̀dì àti àga níwájú ilé rẹ̀ ní Kambolé, Tchamba tàbí Sokodé mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ayùn ọwọ́ kò ní í tó iṣẹ́ mọ́. Ọjọ́ náà ni yóò kó owó tó ti ń fi pamọ́ jáde láti ra ayùn oníná ńlá, irú èyí tó ní tábìlì irin lókè, tí mọ́tò rẹ̀ sì wà nínú àpótí irin nísàlẹ̀. Scie circulaire ni àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń le ni pé ọlọ́jà lè gbé méjì kalẹ̀ tó jọra bí ìbejì. Tábìlì wọn gùn bákan náà, abẹ wọn tóbi bákan náà, owó wọn kò sì jìnnà síra. Èwo ni kéèyàn mú? Ohun tí a fẹ́ sọ fún yín ni pé kí ẹ má fi ọ̀dà tàbí orúkọ yàn án. Iná ìlú yín, irin tó gbé abẹ dúró, àti ìka ọwọ́ yín ni kí ẹ fi yàn án.

Kí ló dé tí wọ́n fi jọra?

Ọdún 1939 ni ilé iṣẹ́ Delta ní Amẹ́ríkà gbé ayùn Unisaw jáde, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn sì wò ó ṣe tiwọn. Lónìí, Taiwan àti China ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú irú ayùn yìí, ilé iṣẹ́ kan náà sì lè ṣe é fún àwọn tó ń tà á lábẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, orúkọ méjì lè jẹ́ irin kan náà, ayùn méjì tó jọra lójú sì lè yàtọ̀ pátápátá nínú.

Ẹ kọ́kọ́ ka àwo kékeré tó wà lára mọ́tò

Àwo irin kékeré kan máa ń wà lára mọ́tò tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Iná tó ń wọlé sí wa ní Tógò jẹ́ 220 sí 230 volt, 50 Hz. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60 Hz. Hz yìí ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Bí ẹ bá gbé mọ́tò tí wọ́n ṣe fún 60 Hz nìkan sórí iná 50 Hz, kò ní í sáré bó ṣe yẹ. Èyí tó ń yí ìgbà 3,450 ní ìṣẹ́jú kan ní Amẹ́ríkà yóò máa yí nǹkan bíi 2,875 níbí. Èyí tó burú jù ni pé yóò máa fa iná ju bó ṣe yẹ lọ, yóò máa gbóná, wáyà inú rẹ̀ sì lè jóná. Tiransifọ́mà lè sọ 220 volt di 110, ṣùgbọ́n kò lè sọ 50 Hz di 60. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín jẹ níbẹ̀. Bí àwo náà bá kọ 50 Hz, tàbí 50/60 Hz, ọkàn yín lè balẹ̀.

Ẹ tún wo bóyá iná monophasé ni mọ́tò náà ń lò tàbí triphasé. Bí ó bá jẹ́ triphasé, tí iná ilé yín sì jẹ́ monophasé, mọ́tò náà kò ní í ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lásán. Ẹ̀rọ kan wà tí àwọn elétíríkì ń pè ní variateur tó lè yí iná náà padà fún un, àmọ́ owó ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kí ẹ tó yan irú ayùn yìí, ẹ ro owó náà mọ́ iye tí wọ́n ń tà á.

Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ náà gbọ́dọ̀ ṣírò. Nígbà tí mọ́tò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, ó máa ń fa iná ní ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ tó gbé gílóòbù, fáànù àti fíríìjì lè má lè gbé ayùn.

Agbára ẹṣin tí wọ́n kọ sára àpótí ńkọ́?

Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá. Agbára ẹṣin kan jẹ́ 746 wáàtì. Ká ní ọlọ́jà sọ pé mọ́tò monophasé rẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin 5, ìyẹn 3,730 wáàtì. Ẹ wo àwo náà. Bí ó bá kọ 230 volt àti 13 ampere, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara wọn: 2,990 wáàtì péré ló ń wọlé. Mọ́tò kò lè gbé agbára jáde ju iná tó wọ inú rẹ̀ lọ. A jẹ́ pé irọ́ ni ẹṣin 5 náà.

Fún iṣẹ́ ilé, agbára ẹṣin 3 tó jẹ́ òótọ́ tó láti la tíìkì, ìrókò àti apá. Abẹ tó fẹ̀ ní mílímítà 250 kì í la pákó tó nípọn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 lọ. Bí igi yín bá máa ń nípọn jù bẹ́ẹ̀, ayùn alábẹ mílímítà 315 ni kí ẹ wá.

Irin tó gbé abẹ dúró

Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo inú àpótí. Nínú ayùn tó dára, ara àpótí ni wọ́n de irin tó gbé abẹ dúró mọ́, kì í ṣe abẹ́ tábìlì. Èyí máa ń jẹ́ kó rọrùn láti tún un tò bí abẹ bá wọ́.

Ẹ yọ wáyà kúrò lára iná, kí ẹ wá dán an wò báyìí. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí eyín abẹ kan. Ẹ wọn bí eyín náà ṣe jìnnà sí ojú ìlà tó wà lórí tábìlì nígbà tó wà níwájú. Ẹ fi ọwọ́ yí abẹ náà títí eyín ọ̀hún yóò fi dé ẹ̀yìn, kí ẹ tún un wọ̀n. Nọ́ńbà méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí wọn kò bá dọ́gba, tí ọlọ́jà kò sì lè tún un ṣe lójú yín, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ihò àárín abẹ. Ti ayùn Yúróòpù sábà máa ń jẹ́ mílímítà 30, ti Amẹ́ríkà kò ju nǹkan bíi 16 lọ. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ní àwọn ìsọ̀ Sokodé bóyá abẹ oníhò bẹ́ẹ̀ wà. Tíìkì máa ń tètè pa eyín ayùn kú, abẹ tí ẹ kò sì rí rà yóò sọ ayùn yín di tábìlì lásán.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí

Ìgbà mìíràn wà tí pákó tí ẹ ń là á pa ẹnu dé mọ́ abẹ lẹ́yìn, pàápàá igi tí kò tíì gbẹ dáadáa. Abẹ náà á wá gbá pákó padà sí ẹni tó ń tì í, ó sì lè fa ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fi irin pẹlẹbẹ kan sẹ́yìn abẹ, kí pákó má lè padé. Irin náà gbọ́dọ̀ nípọn ju ara abẹ lọ, ṣùgbọ́n kó má nípọn tó ojú ibi tí eyín là. Nínú àlòkù, ó wọ́pọ̀ kí ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ ti yọ irin yìí àti ìbòrí abẹ jù nù. Ẹ béèrè wọn.

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba kà á pé nǹkan bíi 4,000 ìgbà ni ayùn tábìlì ń gé ẹ̀yà ara èèyàn dànù lọ́dún kan. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ SawStop ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ayùn kan lọ́dún 2004. Bí abẹ rẹ̀ bá kan ara èèyàn, á dúró kí ìṣẹ́jú àáyá tó pín sí ọ̀nà 200. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà kan tó bá dúró bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ra bíréèkì tuntun, abẹ náà sì ti bàjẹ́. Igi tútù náà lè mú kó dúró láìnídìí. Ẹni tó bá lówó rẹ̀, tó sì mọ ibi tí yóò ti máa rí bíréèkì náà, kó rà á. Ẹni tí kò lè rà á, irin ẹ̀yìn abẹ, ìbòrí, àti igi tí a fi ń ti pákó dípò ọwọ́ ni ààbò rẹ̀.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ ló sábà máa ń dúró ti ayùn yìí nígbà tí ọ̀gá bá lọ sọ́jà. Láti Kambolé dé ilé ìwòsàn ńlá Sokodé, ọ̀nà jìn fún ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, bí ayùn méjèèjì bá bá iná yín mu, tí abẹ wọn sì tọ́, ẹ mú èyí tí irin ẹ̀yìn abẹ àti ìbòrí rẹ̀ pé, kódà kí mọ́tò ìkejì lágbára jù ú lọ díẹ̀. Ẹ mú elétíríkì dání lọ sọ́dọ̀ ọlọ́jà. Ẹ gbé pákó apá kan tó nípọn dání pẹ̀lú, kí wọ́n là á lójú yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ tó ka owó.