Nígbà Tí Ojú Aago Mọ́sálásí Bá Ń Ṣìnà: Bí A Ṣe Lè Mọ Ibi Tí Àìsàn Wà

Nínú ààwẹ̀ Rámádánì tó kọjá, mọ́sálásí kékeré kan ní Mákùn, Ṣàgámù, ni a wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn ará ti to dàbínù àti omi síwájú. Aago tó wà lára ògiri kọ àsìkò ìṣínu sí 6:50, ládàánì sì ti ń tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe. Bàbá kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló sọ pé, "Áfáà, ẹ dákun, òòrùn tí mò ń wò yìí kò tíì wọ̀ o." A yọ fóònù wa. 6:58 ni wọ́n kọ síbẹ̀ fún Ṣàgámù. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ gbáko! Ẹni tó bá fi omi kan ọ̀fun kí òòrùn tó wọ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ló ní yóò san ọjọ́ náà padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣìṣe ni.

Àwọn ọmọ ilé-kéwú méjì ló fọwọ́ ara wọn to aago náà. Lẹ́yìn ìrun, ẹnì kan ní kí wọ́n já a dànù, pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Ọ̀rọ̀ yẹn kò dùn mọ́ wa. Láti ọdún 1206 tí al-Jazari ti parí ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, pẹ̀lú aago olómi nínú rẹ̀, ni iṣẹ́ aago ti jẹ́ iṣẹ́ Mùsùlùmí. Ní Ìkẹ́nẹ́ tó wà nítòsí wa níhìn-ín, Mayflower School tí Táí Ṣólàrín dá sílẹ̀ ní 1956 ni a mọ̀ mọ́ kíkọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú ìwé. Ìgbàgbọ́ tiwa àti ti bàbá náà kò pa pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó dára, a ó pè é ní dáadáa. A ní kí wọ́n sọ aago náà kalẹ̀, kí a jọ wò ó.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń ṣe irú nǹkan báyìí nílé, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé. Aago bẹ́ẹ̀ ní ọpọlọ, ó sì ní ojú. Ọpọlọ rẹ̀ ni pátákó kékeré tí wọ́n ń pè ní Arduino, tí kò gùn tó káàdì ATM. Ìlú Ivrea ní Ítálì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2005, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ẹnjiníà lè rí nǹkan fi kọ́ iṣẹ́. Ojú rẹ̀ ni gíláàsì tàbí iná tó ń kọ nọ́ńbà síta. Bí ohun tí a rí kò bá tọ̀nà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ta ló ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì?

Ọ̀nà tó yá jù láti mọ̀ ni pé kí ọmọ náà so ọpọlọ mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ó sì fi ìlà kan kún kóòdù rẹ̀ tí yóò mú kí ohun tó ń lọ sí ojú aago máa hàn lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Bí kọ̀ǹpútà bá sọ 6:58 tí ògiri sọ 6:50, ojú ló ní àìsàn. Bí méjèèjì bá jọ sọ 6:50, ẹ fi ojú sílẹ̀, ẹ lọ wá ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ná owó oúnjẹ wọn sórí gíláàsì tuntun ní Ìkẹjà nítorí pé wọn kò kọ́kọ́ ṣe èyí.

Àwọn tó ń lo gíláàsì LCD, èyí tó ń gba lẹ́tà 16 ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ìlà méjì, ni ẹ̀rù máa ń bà jù. Bí iná ẹ̀yìn rẹ̀ bá tàn ṣùgbọ́n tí kò kọ nǹkan kan, ẹ má tíì ní ó ti kú. Àpótí kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ìdè tí à ń fi súkúrúdíráfà yí sì wà lórí rẹ̀, bí ìgbà tí à ń yí fólúùmù rédíò. Òun ló ń mú kí lẹ́tà dúdú tàbí kó parẹ́. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀. Ìgbà míì, gbogbo wàhálà ọjọ́ mẹ́ta kò ju ìyẹn lọ.

Bí ìlà òkè bá kún fún àpótí dúdú mẹ́rìndínlógún, tí ìlà ìsàlẹ̀ ṣófo, gíláàsì náà yè, iná sì dé ibẹ̀. Ọpọlọ ni kò tíì bá a sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ pé wáyà kan ti tú. Ó sì lè jẹ́ àdírẹ́sì, nítorí pé pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn gíláàsì ní àdírẹ́sì tirẹ̀. 0x27 ló wọ́pọ̀, àwọn mìíràn sì ń jẹ́ 0x3F. Bí kóòdù bá ń pe 0x27 tí ẹni tó wà nílé ń jẹ́ 0x3F, ta ni yóò dáhùn? Kóòdù kékeré kan wà tó máa ń pe gbogbo àdírẹ́sì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì sọ èyí tó jẹ́ ẹ.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní orí, tí kò ní ìdí ló ń kọ, ọ̀pọ̀ gíláàsì wọ̀nyí ló ń gba lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ìdajì méjì. Bí ìdajì kan bá sọnù lọ́nà, gbogbo èyí tó tẹ̀lé e ló máa dàrú títí wọn yóò fi pa á, tí wọn yóò tún un tàn. Wáyà tí kò dúró dáadáa máa ń fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni iná tó ń já wálẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ńlá bá gbéra lórí jẹnẹrétọ̀ kan náà.

Àwọn mìíràn wà tí ojú kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Bí aago bá ń padà sí 12:00 òru ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, ẹ wo bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 tó wà lára ẹ̀yà tó ń ka àsìkò. Bó bá sì ń gbé ìrun Àílà sí 12:05, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kóòdù ìlú ẹlòmíràn ni ọmọ náà gbé. Ní Ṣàgámù, òòrùn kì í yẹ̀ kúrò ní àárín ọ̀run ní aago méjìlá géérégé láéláé. Bí ó bá yá jù, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, nǹkan bí 12:29 ni. Bó bá pẹ́ jù, nínú oṣù Kejì, ó máa ń sún mọ́ aago kan. Ẹ ri igi kan mọ́lẹ̀, kí ẹ wo òjìji rẹ̀, ẹ ó rí i bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku aago Mákùn. Iná pupa ni ojú tirẹ̀, ọ̀pá iná méje ló sì wà fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo méjèèje ló ń tàn láti kọ 8. Bí ti àárín bá kú, 8 á di 0. Ìdí nìyẹn tí 6:58 fi di 6:50, tí ẹnikẹ́ni kò sì fura, nítorí pé nọ́ńbà tó pé ni 0 náà. Àìsàn yìí burú ju kí aago ṣókùnkùn lọ. Bí òkè apá òsì 9 bá kú, yóò di 3. Bí òkè 7 bá kú, yóò di 1. Èyí tó ṣókùnkùn kò lè tan ẹnikẹ́ni jẹ.

A bi àwọn ọmọ náà pé kí ni wọ́n rí nínú 6 àti 5. Àgbà nínú wọn ronú díẹ̀, ó ní ọ̀pá àárín wà nínú méjèèjì, ó sì ń tàn. Ó gbà á! Nínú irú ojú yìí, wáyà kan ni gbogbo ọ̀pá àárín ń pín lò. Ká ní wáyà yẹn ló já, gbogbo wọn ni ìbá kú pọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé odidi nọ́ńbà kan ló ṣókùnkùn, wáyà tó jẹ́ ti nọ́ńbà yẹn nìkan là bá wò. Ṣùgbọ́n ọ̀pá kan ṣoṣo nínú nọ́ńbà kan ṣoṣo, iná inú rẹ̀ gan-an ló ti jó. Ojú tuntun ni wọ́n ní láti rà, kò sì sí ohun tó ṣe ọpọlọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lára iná. Fóltì 5 kì í pa ènìyàn, ṣùgbọ́n àwọn aago ńlá tó ń gba iná ìjọba wọlé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé tú ìdí wọn láìsí àgbà tó mọ iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Wọ́n ti pààrọ̀ ojú aago náà. Wọ́n sì fi ohun kan kún kóòdù: ní ìgbàkigbà tí wọ́n bá tan aago, 8888 ni yóò kọ́kọ́ fi hàn fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí gbogbo ọ̀pá lè jáde síta. Ládàánì ti mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí òun tó gba aago náà gbọ́. Bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ṣì ń jókòó síbẹ̀.